Ojú Ni Wọ́n Fi Ń Tà Á, Aṣọ Ló Ń Tú Àṣírí

Bí àwòrán ère tuntun tí wọ́n fi ṣe òṣèré fíìmù kan bá jáde lónìí, ojú ni gbogbo wa máa ń sáré wò. Ṣé ó jọ òṣèré náà àbí kò jọ ọ́? Kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́, àwọn kan á ti ní òun gan-an nìyẹn, kò kù síbì kan. Àwọn mìíràn á ní àbúrò bàbá rẹ̀ ló jọ. Èmi náà máa ń wo ojú o, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ojú ti kúrò ní ohun tí mo fi ń ya ère tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára ère tó kàn wọ́n. Kọ́là ni mò ń wò báyìí. Mò ń wo èjìká, mò ń wo orúnkún, mò ń wo bí ẹ̀wù ṣe balẹ̀ lára rẹ̀ sí.

Irú ère tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí ọmọdé ń gbé sáré kiri inú ilé. Ère olóríkèé ni, tí wọ́n ṣe ní ìdá kan nínú mẹ́fà ènìyàn, débi pé òṣèré tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 180 á di sẹ̀ǹtímítà 30 lórí tábìlì. Ìwọ̀n yìí ní ìtàn. Ọdún 1964 ni ilé iṣẹ́ Hasbro gbé G.I. Joe jáde ní Amẹ́ríkà, ológun tó ga ní nǹkan bí íǹṣì 12, tó ṣeé tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó sì ṣeé bọ́ láṣọ. Nígbà tó di 1978, ilé iṣẹ́ Kenner gba ọ̀nà mìíràn yọ pẹ̀lú àwọn ère fíìmù Star Wars tí ọ̀pọ̀ wọn kò ju íǹṣì mẹ́rin lọ, tí oríkèé wọn kò ju márùn-ún: ọrùn, apá méjì, ẹsẹ̀ méjì. Àwọn ère náà kò tíì ṣetán nígbà Kérésìmesì 1977, ni Kenner bá ta páálí pẹlẹbẹ kan tí kò sí ère kankan nínú rẹ̀, àfi ìwé tí ọmọ á fi gba ère tirẹ̀ tó bá yá. Ẹni tó bá ń ráhùn pé ère tí òun ti san àsansílẹ̀ fún kò tètè dé, kó máa rántí pé iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ sùúrù. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ Hot Toys, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hong Kong ní ọdún 2000, wá sọ ère sínimá oníwọ̀n kan nínú mẹ́fà di ohun tí àgbàlagbà ń fi gíláàsì bò tí kì í jẹ́ kí ọmọ sún mọ́. Látìgbà náà, ibi tí wọ́n gbé e dé ni gbogbo àwọn yòókù fi ń wọn ara wọn, àti àwọn tó ti kọjá wọn ní ibì kan tàbí òmíràn.

Ìdí tí n kò fi gbé ìdájọ́ lé ojú nìkan ni pé ojú tí a mọ̀ nínú fíìmù kì í ṣe ojú kan ṣoṣo. Iná wà níbẹ̀, lẹ́ńsì wà níbẹ̀, àwọ̀ tí wọ́n yí padà nínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí wọ́n ya fíìmù tán wà níbẹ̀, ohùn òṣèré náà àti ìrìn rẹ̀ tún wà níbẹ̀. A ò rí ojú náà kó dúró jẹ́ẹ́ rí. Ẹni tó ń mọ orí ère ní láti mú ẹyọ kan péré nínú wákàtí méjì, kó ní eléyìí ni. Bó bá mú ti ìbínú, ìbínú lẹ ó máa wò lórí ṣẹ́ẹ̀fù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó bá mú ojú tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì bínú, ó lè jọ òṣèré náà délẹ̀délẹ̀, síbẹ̀ kó má jọ ẹni tí òṣèré náà ṣe nínú eré. Lóòótọ́, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin: orí tó bá jọ, ó jọ, kò gba àlàyé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ orí tí àwọn èèyàn ń bú pé kò jọ, fóònù ló bà á jẹ́. Ẹ gbé fóònù sí sẹ̀ǹtímítà 10 sí iwájú ère, bí ìgbà tí ẹ gbé kámẹ́rà sí sẹ̀ǹtímítà 60 sí iwájú ènìyàn ni. Imú á yọ síwájú, etí á sá sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń ya òṣèré báyẹn tí òṣèré náà á dúpẹ́.

Ohun kan tún wà tí mo ti ń kíyè sí. Àwọn ère tí gbogbo ayé gbà pé ojú wọn pé, púpọ̀ nínú wọn ni ojú òṣèré náà ti ní ohun kan lórí nínú fíìmù fúnra rẹ̀: àpá, irùngbọ̀n, ẹ̀jẹ̀, ọ̀dà. Ẹ wo Joker, ọ̀daràn inú fíìmù The Dark Knight ti 2008. Ọ̀dà ló wà lójú Heath Ledger tó ṣe é, ọ̀dà ló sì wà lójú ère. Ohun tí wọ́n ń ṣe àfarawé rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe é fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nǹkan kan náà. Ojú tó le ni ojú ọ̀dọ́bìnrin tó jọ̀lọ̀, tí kò ní ìlà, tí kò ní àpá, tí kò sí ibi tí ẹni tó ń mọ orí lè rọ̀ mọ́. Àṣìṣe bíńtín létí ètè, ó ti di ẹlòmíràn. Bí ilé iṣẹ́ kan bá lè ṣe irú ojú yẹn kó jọ, mo máa ń bọ́ fìlà fún wọn. Bí wọ́n bá ṣe arúgbó onírùngbọ̀n kó jọ, mo á ní wọ́n kú iṣẹ́, mo á sì máa bá tèmi lọ.

Nínú ojú náà, ẹyinjú ni mo ń fara balẹ̀ wò. Apá aláwọ̀ inú ẹyinjú ènìyàn fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 12. Lára ère, mìlímítà 2 péré ni. Bí ọwọ́ ẹni tó ń kùn ún bá fi ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà yẹ̀, ó ti ju mìlímítà kan lọ lójú ènìyàn gidi, ère náà á sì máa fi ojú kan wò yín, á máa fi èkejì wo ògiri. Hot Toys wá ọgbọ́n dá sí i: wọ́n ya ẹyinjú kúrò lára orí, wọ́n sì jẹ́ ká lè máa yí i láti inú orí, ohun tí wọ́n pè ní PERS. Joker yẹn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní in. Ẹyinjú tó dá dúró bẹ́ẹ̀ ń dán bí iná yàrá bá ṣe bá a. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ní àmì funfun kan tí kì í yẹsẹ̀, iná ì báà máa ti ẹ̀yìn ère wá. Ṣùgbọ́n àfikún yìí ní owó tirẹ̀ tó ń gbà. Kí ẹyinjú tó lè yí, ìpéǹpéjú ní láti dá dúró níwájú rẹ̀, bí ike ìpéǹpéjú náà bá sì nípọn, ère á dà bí ẹni tó wọ ojú ẹlòmíràn. Èmi gba ẹyinjú tí wọ́n kùn dáadáa ju ẹyinjú tó ń yí nínú ihò tó jìn.

Ti awọ ara, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ihò ara tín-ín-tìn-tín tó wà lójú wa, bí ẹ bá sọ ọ́ di ìdá kan nínú mẹ́fà, ojú lásán kò ní rí i mọ́. Nítorí náà, ère tí ihò ara rẹ̀ hàn ketekete nínú àwòrán, tí gbogbo èèyàn ń pariwo pé iṣẹ́ ńlá ni, lójú tèmi ó ti di ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná ń yọ́ lára rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí awọ ère yè ni ọ̀dà tó fẹ́lẹ́, ìpele lórí ìpele, tí pupa díẹ̀ wà létí àti nímú, tí abẹ́ ojú ṣú díẹ̀, tí kò sì dán. Ìdán ló ń pariwo pé ike ni.

Ó yá, ká wá sí aṣọ.

Ike gbà fún ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di kékeré. Ọ̀dà náà gbà. Aṣọ kì í gbà. Ẹ gé lára aṣọ tí wọ́n fi rán kóòtù òṣèré gan-an, kí ẹ fi rán kóòtù fún ère rẹ̀, yóò dúró gan-an lára rẹ̀ bíi páálí. Kì í ṣe ẹ̀bi télọ̀. Kóòtù tí gígùn rẹ̀ àti ìbú rẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́fà, ìwúwo rẹ̀ ti di ìdá kan nínú 36, bẹ́ẹ̀ líle aṣọ náà kò dín rárá. Ìwúwo ló ń fa aṣọ wálẹ̀ lára wa. Lára ère, ohun tó yẹ kó fà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tó mú kí wọ́n máa fi wáyà tín-ín-rín sínú ìgbátí aṣọ gígùn tí Batman ń fì lẹ́yìn nìyẹn, kí ẹni tó rà á lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sí bó ṣe yẹ kó balẹ̀. Àwọn kan ka wáyà sí ẹ̀tàn. Èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti fi í pamọ́ tí kò yọ gọnbu níta. Ilé iṣẹ́ tó fi wáyà sí i ti mọ̀ pé òun ní ìṣòro; èyí tó fi aṣọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó máa nà gan-an, kò mọ̀.

Ojú ìrán ńkọ́? Lára aṣọ tí àwa ń wọ̀, ojú ìrán kan gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 2.5. Kó tó lè bá ère mu, kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 0.4 lọ, bí ẹ bá sì fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ tó bẹ́ẹ̀ léraléra lójú kan, ẹ lè gún un títí á fi ya. Nítorí náà, oníṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í jẹ́ kí ojú ìrán hàn níta àfi níbi tí kò ti sí ọgbọ́n mìíràn. Á fi gọ́ọ̀mù lẹ ibì kan, á tẹ ibì kan mọ́ra, á fi ìlà ọ̀dà ṣe ti ibòmíràn. Kọ́là le ju gbogbo wọn lọ. Aṣọ tó nípọn ní ìdajì mìlímítà, bí ó bá di ìpele mẹ́rin níbi kọ́là, ó ti di mìlímítà 2. Lọ́rùn ènìyàn, mìlímítà 12 nìyẹn. Ta lẹ ti rí tó wọ kóòtù tí kọ́là rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó ìka ọwọ́?

Mo ní ère méjì tí wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ dúdú, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Orí èkíní pé, ẹnikẹ́ni ò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbé sókè léjìká bí ẹni tó ti pátákó bọ abẹ́ aṣọ, apá rẹ̀ kò sì lè sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí pé aṣọ ti rún jọ sí abíyá. Síìpù rẹ̀ ń ṣí, ó ń tì, wọ́n sì fi èyí ṣe ìpolówó. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá sọ eyín síìpù náà di ìlọ́po mẹ́fà, ti àpò ìrìn-àjò ńlá ni. Èkejì, imú rẹ̀ gùn díẹ̀, mo gbà. Ẹ wá wo jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wọ́n yọ aṣọ inú kúrò ní abíyá, kí apá lè wálẹ̀. Wọ́n ti fún ìgúnpá rẹ̀ mọ́ra kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́, ó ti ní ìwúnjọ bíi ti aṣọ tí ènìyàn ti wọ̀ jókòó. Síìpù rẹ̀ kò ṣí rárá, ìlà fàdákà tín-ín-rín kan ni, ohun tó ń pa jákẹ́ẹ̀tì dé sì wà lábẹ́ níbi tí ojú kò dé. Létí ọrùn ọwọ́, níbi tí awọ máa ń kọ́kọ́ ṣí, wọ́n fi ọ̀dà eérú kan án fẹ́ẹ́rẹ́, ó tó bẹ́ẹ̀. Àlejò tó bá dúró wo méjèèjì, èyí tó nímú gígùn yìí ló máa ń na ìka sí, kò sì ní mọ ìdí.

Ìdọ̀tí pàápàá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Aṣọ inú fíìmù tó ti la ogun kọjá kì í dọ̀tí káàkiri bákan náà. Eruku máa ń wà ní ìgbátí, ní orúnkún, ní ìgúnpá, ní ibi tí ọwọ́ ti ń nu ara rẹ̀ sí itan. Bí ẹ bá rí ère tí ìdọ̀tí rẹ̀ pé lára déédéé láti èjìká dé bàtà, ẹnì kan nílé iṣẹ́ ló gbé ẹ̀rọ ìfọ́nkun tó sì fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan, ó ti kọjá sí orí èyí tó kàn. Bàtà tó mọ́ tónítóní lábẹ́ ṣòkòtò tó kún fún ẹrẹ̀ náà wà, mo ti rí i.

Lábẹ́ aṣọ ni oríkèé wà, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń bá àwọn tó ń ka oríkèé jiyàn. Oríkèé 30 kò wúlò bí aṣọ kò bá jẹ́ kó tẹ̀. Ohun tí mò ń wò kò ju mẹ́ta: ṣé ère náà lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láìfi ọ̀pá gbé e, ṣé ó lè fi ìwúwo rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ kan bí ènìyàn tó ń sinmi, ṣé orí rẹ̀ lè tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ère tí kò lè tẹrí ba á máa wo òkè ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò. Àwọn kan ti wá ń fi rọ́bà rírọ̀ tàbí sílíkónì bo gbogbo egungun, kí oríkèé má bàa hàn lára akọni tó bọ́ra sílẹ̀. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí ẹ bá tẹ̀ ní ìgúnpá tí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan lè sán, ìwé àlàyé inú páálí sì sábà máa ń kìlọ̀ pé ẹ má fi sílẹ̀ ní títẹ̀. Ère àfitẹ̀ tí a ò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Kí wọ́n tiẹ̀ bí ara wọn léèrè.

Àwọn tó fẹ́ràn irin á ti máa dúró de ọ̀rọ̀ tèmi nípa Iron Man, akọni tó ń wọ ìhámọ́ra irin. Ère tí irin wà lára rẹ̀ wúwo lọ́wọ́, ìwúwo náà sì máa ń tan èèyàn: ẹ á gbé e, ẹ á ní owó yín kò ṣòfò. Ẹ padà wá wò ó bó bá ti dúró ṣẹ́ẹ̀fù pẹ́, pàápàá ní ọrùn ẹsẹ̀ àti ìgbáròkó, níbi tí ìwúwo yẹn ti ń tẹ̀ mọ́ oríkèé tọ̀sán tòru. Ike tí wọ́n kùn dáadáa lè jọ irin ju irin lọ. Ti ọwọ́ àfipààrọ̀ mẹ́wàá, ìbọn mẹ́ta àti pátákó ìdúró tó ń tàn, inú páálí ni gbogbo rẹ̀ máa ń padà sí, n kò ní kọ ju báyìí lọ nípa wọn.

Ohun tí kì í sí nínú àwòrán kankan ni bí ère yóò ṣe rí lọ́dún mélòó kan sí i. Ohun tí wọ́n ń pè ní awọ lára ọ̀pọ̀ ère jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ike polyurethane bò lójú. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ike yìí díẹ̀díẹ̀, àní nínú páálí tí ẹ kò ṣí. Á kọ́kọ́ máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á wá fọ́ bí èèpo, á máa já sílẹ̀ láti kọ́là àti ìgúnpá. Mo ní ọ̀kan tí kóòtù rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ ṣì dára bí ọjọ́ tó dé. Ẹni tó ṣe é kò gba ẹ̀sùn kankan, wọ́n ní gbèdéke ti kọjá. Rọ́bà PVC náà lè máa lẹ̀ bí epo tí wọ́n fi mú un rọ̀ bá ń jáde síta ara rẹ̀. Oòrùn á sọ ohun funfun di yẹ́lò. Bátìrì kéékèèké tó wà nínú ẹ̀yìn fún iná, bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, omi rẹ̀ á jáde, á jẹ wáyà. Níbi tí ilé iṣẹ́ bá ti lo aṣọ òwú tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n kùn kó jọ awọ, kì í dán bí èyí tó jẹ́ ike nínú àwòrán ìpolówó, àwọn èèyàn á sì ní wọ́n ṣahun. Èmi á ní wọ́n ro tọ́jọ́ iwájú.

Àwòrán ìpolówó fúnra rẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tí wọ́n yà níbẹ̀ jẹ́ àwòṣe àkọ́kọ́, ọwọ́ ọ̀gá ló kùn ún, télọ̀ tó gbọ́nṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ láṣọ, ẹnì kan sì dúró ti kámẹ́rà tó ń fi abẹ́rẹ́ tún ìwúnjọ ṣòkòtò ṣe. Wọ́n tiẹ̀ máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé èyí tí ẹ ó gbà lè yàtọ̀. Nígbà mìíràn, fíìmù náà kò tíì jáde nígbà tí wọ́n ń ṣe ère, àwòrán ìmúrasílẹ̀ ni wọ́n ń wò, aṣọ tí òṣèré padà wọ̀ á wá yàtọ̀. Èyí kò bí mi nínú tó bó ṣe ń bí ẹlòmíràn. Àwọ̀ aṣọ inú fíìmù pàápàá kì í ṣe àwọ̀ tó wà lára aṣọ náà lóde. Bí wọ́n bá yí àwọ̀ fíìmù sí búlúù, àwọ̀ ewé á ṣú, pupa á kú. Nínú yàrá tí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti gbogbo ilé, aṣọ tó ní àwọ̀ gidi ló ń dùn ún wò jù.

Ẹ dúró de àwòrán tí àwọn tó ti gbà á yà, lọ́sàn-án, lẹ́bàá fèrèsé, kì í ṣe lábẹ́ iná àwọ̀ àlùkò. Ẹ béèrè ti ẹ̀gbẹ́, ẹ béèrè ti ẹ̀yìn. Níbi ẹ̀yìn kọ́là ni wọ́n máa ń kó gbogbo aṣọ tó ṣẹ́kù jọ sí, torí wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń yà á. Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí ẹnì kan ti lò, ẹ ní kó fi ọwọ́ tẹ ìgúnpá jákẹ́ẹ̀tì náà kó sì yà á nígbà tó ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní kò sídìí fún ìyẹn, pé ẹ ṣáà wo ojú rẹ̀ bó ṣe jọ, ẹ jẹ́ kó gbé e fún ẹlòmíràn.